Ọ̀pọ̀lọ́ Orí Àpáta Wa

Nígbà tí àwa wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀lọ́ ni a fi ń kọ́ bí inú ẹranko ti rí. A ó mú un wá nínú ike, olùkọ́ yóò fi oògùn kùn ún lóorun, a ó sì fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ pátákó. A gba máàkì, a da òkú rẹ̀ nù. Kò sí ẹni tó bi wá pé irú ọ̀pọ̀lọ́ wo nìyẹn, àwa náà kò sì béèrè.

Ó yẹ kí a ti béèrè. Lórí àwọn àpáta Ìdànrè tí gbogbo Òdòde ń wò lójoojúmọ́, irú ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé tí àwọn onímọ̀ kò tíì rí níbòmíràn láyé. Arne Schiøtz, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Jean-Luc Perret, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, fún ohun tó ju 40 ọdún lọ, àwọn onímọ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́, títí àwọn olùwádìí, tí ẹni Yunifásítì Èkó wà lára wọn, fi gòkè wá bá a níbẹ̀, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2014. (A fura pé àwọn àgbẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ sí oko kòkó ń rí i ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn; ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ni.)

Ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà ló yà wá lẹ́nu jù. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Ti òkè wa, ara àpáta ló ń lẹ̀ mọ́, níbi tí omi ti ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí a fi aṣọ tútù nu òkúta. Bí omi náà bá gbẹ, tàbí tí oògùn kòkó bá dà sí i, kò ní odò tí yóò sá lọ.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí pé, nínú owó àjọ̀dún yìí, kí a yọ díẹ̀ kúrò lára ti géètì tuntun. Ní oṣù Ọ̀wàrà, tí òjò kò tíì dá, tí lékelèéke sì ń padà bọ̀, kí àwọn ọmọ gòkè láàárọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ àti ọdẹ kan tó mọ ọ̀nà, nítorí àpáta tútù ń yọ̀. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n má sì mú ọ̀kan sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600; orúnkún tiwa kò gbà á mọ́, ti àwọn ọmọ gbà á.

Àwọn kan yóò ní ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni yóò mú ọmọ àwọn yege WAEC. Ṣùgbọ́n ìwé tí a bá kọ fún ọdún 10, tó sọ ìgbà tí omi àpáta gbẹ àti iye ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí a kà, ilé ẹ̀kọ́ wo ni yóò ní irú rẹ̀? Àwọn mìíràn nínú ìjọ kò fẹ́ òkè náà nítorí àwọn ojúbọ tó wà níbẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn. Síbẹ̀ Ẹlẹ́dàá ló tẹ́ àpáta náà, Ádámù ni a sì kọ́kọ́ fi ìsọlórúkọ ẹranko lé lọ́wọ́, kì í ṣe àlejò.

Iṣẹ́ kìíní rèé fún àwọn ọmọ: kí wọ́n bi àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn ní orúkọ tí àwọn ará òkè ń pe ọ̀pọ̀lọ́ yìí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́.