Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ọmọ Tí Ó Yan Amọ̀ Ní Iṣẹ́

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ìwó, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun. A kà á lẹ́ẹ̀mejì, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Nítorí náà ni a ṣe fi àyè yìí fún un lónìí.

Ìyá náà wí pé ọdún kọkànlá rèé tí òun àti ọkọ òun, ẹni tí í ṣe olùkọ́, ti fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ògiri náà ga dé ibi fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀; koríko ti ń hù nínú yàrá tí ó yẹ kí àwọn ọmọ máa sùn. Nígbàkígbà tí owó díẹ̀ bá wọlé, owó sìmẹ́ńtì a ti sáré ṣíwájú rẹ̀. Inú ilé tí wọ́n háyà ni wọ́n wà títí di òní.

Nísinsìnyí ọmọkùnrin wọn, tí wọ́n rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó wí fún bàbá rẹ̀ pé òun kì yóò lọ sí Èkó láti máa ya àwòrán ilé fún àwọn ọlọ́rọ̀. Ó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń kọ́ ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká, ilé tí a fi ilẹ̀ pupa tí a gbẹ́ nítòsí kọ́, tí kò gbóná, tí kò sì ba ayé jẹ́. Ó fi kún un pé bí bàbá bá gbà, lórí ilé tí ó ti dúró náà ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá bínú gidigidi. Ó ní, "Ṣé ẹrẹ̀ ni mo fi owó oṣù mi rán ọ lọ kọ́? Inú ilé amọ̀ ni bàbá mi ti mú wa jáde. Ìwọ wá fẹ́ dá mi padà síbẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ kò ti jẹun pọ̀ mọ́. Ìyá náà wá bi wá pé: "Ǹjẹ́ iṣẹ́ gidi ni èyí, àbí ọmọ mi ti ṣìnà?"

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá bàbá láre níbi tí ó ti jàre. Ẹni tí ó bá gbé inú ilé amọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Ó mọ òru tí òjò ń rọ̀ tí gbogbo ilé ń fetí sí ògiri. Ó mọ bí a ti ń tún ilé rẹ́ lọ́dọọdún, àti bí ikán ti ń jẹ igi àjà. Ìtìjú tún wà nínú rẹ̀: ní ìlú wa, búlọ́ọ̀kù ni àmì pé ènìyàn ti dé ipò. Kò yẹ kí ọmọ fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: kí ni ó ń pa ilé amọ̀? Kì í ṣe amọ̀ náà. Omi ni. Omi tí ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri láti ilẹ̀, àti omi tí ń bọ́ lù ú láti òkè. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ títí yóò fi dán, wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Wọn a sì jẹ́ kí ìbòrí ilé yọ síta dáadáa, kí òjò má bàa dé ara ògiri. Nígbà tí páànù dé, tí a ń fi owó rà á, ọ̀pọ̀lọpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gé ìbòrí náà kúrú. Òjò sì rí ògiri nà. Amọ̀ ni a dá lẹ́bi, kì í ṣe ẹni tí ó gé òrùlé kúrú.

Ohun tí ọmọ yín kọ́ wá kì í ṣe pé kí a padà sí ti àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. A óò gbẹ́ ilẹ̀ pupa tí ó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó wà lókè tí gbòǹgbò koríko kún inú rẹ̀. A óò jọ̀ ọ́, a óò pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, bí ìpín 5 sí 10 nínú 100, pẹ̀lú omi tí kò pọ̀. A óò wá kó o sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀ búlọ́ọ̀kù, a óò sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. A kò ní fi iná sun ún; a óò bò ó lábẹ́ ibòji, a óò sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè le. Ẹ̀rọ irú èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tí kò béèrè iná mànàmáná, ti wà láti bí ọdún 1956, nígbà tí Raúl Ramírez ṣe ọ̀kan tí ó di olókìkí ní ilẹ̀ Kòlóńbíà. Ní orílẹ̀-èdè wa, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, NBRRI, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, tí ó ní ibùdó ìwádìí ní Ọ̀tà, ti ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí ó ń tẹ̀ a máa wọ inú ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí sìmẹ́ńtì tí a ń fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ kò fi pọ̀.

Bí bàbá bá rò pé ọmọ kékeré ni ó lá àlá yìí, ẹ sọ fún un kí ó bọ́ sí ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ilé ìsìn kan wà níbẹ̀ tí í ṣe ti àwọn Àlùfáà Dominican, tí a kọ́ parí láàárín ọdún 1970 sí 1975. Demas Nwoko, tí a bí ní Idumuje-Ugboko ní 1935, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọkùnrin yìí ni ó ń pò ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, tí ó pè ní látíkíríìtì, tí ó sì ń kọ́ ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá fúnra rẹ̀. Ní 2023, ní ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí gbogbo ayé ń pé sí ní ìlú Venice, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ọkùnrin náà kò fi ṣe ìtìjú.

Ẹnì kejì ni Francis Kéré, ará abúlé Gando ní Burkina Faso. Ọmọ baálẹ̀ ni, a bí i ní 1965. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ní abúlé wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe rán an lọ sí ìlú mìíràn ní ọmọ ọdún méje, ó sì jókòó sínú kíláàsì tí ó ṣókùnkùn tí ó sì gbóná bí ààrò. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí ìsinmi bá parí tí òun ń padà lọ, àwọn obìnrin abúlé a máa tú owó tí ó kẹ́yìn níbi ìdí aṣọ wọn fún òun. Ní 1985 ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Jámánì. Lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Berlin. Kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó kó owó jọ, ó sì padà wá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀.

Nígbà tí ó ní amọ̀ ni òun yóò fi kọ́ ọ, inú àwọn ará ilé kò dùn. Ohun tí bàbá yín sọ gan-an ni wọ́n sọ: amọ̀ kì í la òjò já. Kò bá wọn jà. Ó tẹ bíríkì amọ̀ tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì, ó fi hàn wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀. Ọmọdé ń ru òkúta ìpìlẹ̀, obìnrin ń pọn omi, wọ́n sì ń lu ilẹ̀ títí ó fi dán. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà, kí ooru lè rí àyè jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ náà parí ní 2001. Ní 2004 ó gba ẹ̀bùn Aga Khan. Ní 2022 ó gba ẹ̀bùn Pritzker, tí ó ga jù lọ fún àwọn ayàwòrán ilé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ìyá wa, owó ìdí aṣọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ṣòfò.

Ẹ ó tún gbọ́ tí ọmọ yín ń sọ pé ilé yìí kò ba ayé jẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé láti ṣe sìmẹ́ńtì, a ní láti sun òkúta ẹfun nínú iná ńlá. Èéfín iná náà àti afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára òkúta ọ̀hún wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná. Nínú gbogbo irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ènìyàn ń tú sókè, bí ìpín 8 nínú 100 ni ó ti ara sìmẹ́ńtì wá. Ṣùgbọ́n fún ìdílé kan ní Ìwó, èrè rẹ̀ sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ nítòsí kì í san owó ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ògiri tí ó nípọn kì í tètè gba ooru ọ̀sán. Bí fèrèsé bá kọjú sí fèrèsé, tí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ó gùn bá kọjú sí àríwá àti gúúsù, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò ní rí ògiri gígùn jó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Nísinsìnyí, a óò sọ òtítọ́ fún ọmọ pẹ̀lú. Iṣẹ́ yìí kì í tètè sọ ènìyàn di olówó. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà kò mọ̀ ọ́n, ó sì ní láti kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà yóò yìn ín lójú, wọn yóò sì lọ ra búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: ó nílò ẹni tí ó mọ agbára ògiri, ẹni tí ó wọn ilẹ̀, ẹni tí yóò mú kí omi òjò rí ọ̀nà gbà, àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí yóò fi owó díẹ̀díẹ̀ ran onílé lọ́wọ́. Kì í sì ṣe gbogbo ohun tí ó dára níbòmíràn ni yóò bá wa mu. Láti 2000 ni ẹgbẹ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ti ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀lé láti fi bíríkì amọ̀ nìkan ṣe òrùlé, láìlo igi tàbí páànù. Iṣẹ́ rere ni fún ilẹ̀ gbígbẹ. Àwa tí a ń gbé nítòsí odò Ọbà, tí òjò wa pọ̀, ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ nítòótọ́ ni ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilé ọdún mọ́kànlá ṣe ìdánwò. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi, kí ó mì ín, kí ó jẹ́ kí ó rò, kí ó sì fi han bàbá bí iyanrìn àti amọ̀ ti pọ̀ tó. Amọ̀ tí ó pọ̀ jù a máa sán, iyanrìn tí ó pọ̀ jù a máa ya. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ́ ilé ìdáná kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé náà, lórí ìpìlẹ̀ òkúta tí ó ga kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí tí ó yọ síta. Kí ó pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bí a ti ń pe ọ̀wẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Kí ó kọ gbogbo owó tí ó ná sílẹ̀, kí ó fi wé iye tí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ì bá jẹ. Kí òjò ọdún kan gbogbo sì rọ̀ lé e. Kí a tó gbé ohunkóhun lé ògiri àtijọ́, kí ẹni tí ó mọ̀ nípa agbára ilé yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé òjò ọdún mọ́kànlá ti nà án.

Bí ilé ìdáná náà bá dúró, bàbá kò ní nílò ìwàásù ẹnikẹ́ni. Bí kò bá dúró, ọmọ yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò ná wọn ní ilé.

Sí bàbá, a bẹ̀ yín, ẹ pe ọmọ wá síbi oúnjẹ lálẹ́ òní. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ògiri ti ń wó. Òun ni ó kọ́ bí a ti í ṣe é tí kò fi ní wó. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá jókòó pọ̀, ta ni yóò bá yín yọ koríko inú yàrá náà?

Ìyá wa, ọmọ yín kò ṣìnà. Ẹ kọ̀wé sí wa nígbà tí òjò bá dá, kí a lè sọ fún àwọn òǹkàwé bí ilé ìdáná náà ti rí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.