Ère Òjò Dídì: Ohun Tí Yóò Yọ́ Kì Í Ṣe Òfò

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlú kan wà ní òkèèrè tí ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìwà hù, bí kò tilẹ̀ gbọ́ òwe náà rí. Sapporo ni orúkọ rẹ̀, ní erékùṣù Hokkaido, ní àríwá ilẹ̀ Jàpánì, níbi tí òjò dídì ti máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún.

Ní ọdún 1950, ogun àgbáyé kejì kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí ó parí. Ọgbà ìtura Odori, tí ó wà láàrin ìlú, ni àwọn ènìyàn ń da òjò dídì tí wọ́n bá gbá kúrò lójú ọ̀nà sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama wo òkìtì náà, wọ́n sì mọ ère mẹ́fà nínú rẹ̀. Ohun tí àgbà kà sí pàǹtí ni ọmọdé sọ di ọ̀ṣọ́. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni ó jáde wá wò ó. Àwọn àgbà ìlú kò sọ pé eré ọmọdé ni. Wọ́n gbà á, ó sì di àjọ̀dún Yuki Matsuri, èyí tí í ṣe àjọ̀dún òjò dídì. Ní ọdún 1955 àwọn ọmọ-ogun dá sí i, ni àwọn ère bá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù wáyé ní ìlú náà ní ọdún 1972, òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó òjò dídì tí ó mọ́ wá, nítorí èyí tí ó bá dọ̀tí máa ń tètè yọ́ bí oòrùn bá ràn. Wọ́n á dì í sínú pákó tí wọ́n kàn bí àpótí ńlá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le, kí wọ́n tó tú pákó náà, kí wọ́n sì fi àáké àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Òmíràn ga tó mítà 15. Síbẹ̀, bí àjọ̀dún bá ti parí, katakata ni ó ń wó wọn lulẹ̀, kí wọ́n má baà ya lu ènìyàn.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, èrè kí ni ó wà nínú ère tí kò lè rí oṣù tí ń bọ̀? Ìdáhùn kò jìnnà. Ère ni ó ń yọ́. Ìmọ̀ ọwọ́ kì í yọ́. Bí ó bá jẹ́ òkúta ni wọ́n gbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ìbá parí, àwọn ọmọ ìbá sì máa wò ó láìmọ bí wọ́n ti ṣe é. Àwọn obìnrin tí ń kun ojúbọ Akire ní Ilé-Ifẹ̀ mọ èyí pẹ̀lú. Àwọ̀ tí wọ́n mú láti inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ya ògiri. Òjò a fọ̀ ọ́ nù, wọ́n a sì tún un yà. Lóòótọ́, ọ̀dà inú agolo a máa pẹ́ lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í rọ́pò àwọ̀ ilẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ìbá kọ́ ọ lọ́dún tí ń bọ̀.

Nítorí náà, yíyọ́ ère kọ́ ni ó yẹ kí ó ba ènìyàn lẹ́rù, bí kò ṣe ọdún tí kò ní sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ. Ní ọdún 2020, òjò dídì ṣọ̀wọ́n ní Sapporo. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti lọ kó o. Ní ọdún 2021 àti 2022, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí èrò péjọ sí ọgbà Odori. Nígbà tí àyè ṣí ní ọdún 2023, ọwọ́ kò tíì gbàgbé iṣẹ́.

Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá bá ọmọdé nídìí amọ̀ lẹ́yìn òjò rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1950. Kí ó tó sọ pé kí ọmọ náà lọ fọ ọwọ́, kí ó kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó ń mọ.