Ẹni tí ó Fa Pèrègún Ààlà Tu

Ìwà kan wà tí ó ti di àṣà láàrin wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ènìyàn kan yóò dúró ní gbangba, ní etí títì tàbí ní àárín ọjà, yóò máa ya àwòrán ohun tí gbogbo ojú ń rí. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn kan yóò ti yí i ká. Wọn yóò já kámẹ́rà tàbí fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò pa àwòrán inú rẹ̀ rẹ́, tàbí kí wọ́n là á mọ́lẹ̀. Bí ó bá janpata, wọn yóò lù ú. Nígbà mìíràn, àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba ni ó ń ṣe é. Nígbà mìíràn, àwọn agbèrò ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn tí kò ní àṣẹ kankan ju pé wọ́n pọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo wọn: "Ta ló ní kó o yà á?" Èmi náà fẹ́ bi wọ́n léèrè: ta ni ó ní kí wọ́n gbà á?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ní ìwé, mo sì mọ̀ pé ìwà tí ọ̀dọ́ bá ń rí lójoojúmọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó bá oníwà náà wí, ni yóò gbà pé ó dára. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ìwọ òǹkàwé mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi láì fi epo bọ iyọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí àwòrán tí a yà ní gbangba ní ẹnu tí ó lè fi sọ̀rọ̀, ó sì ní ilé-ẹjọ́ tí ó lè lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti jalè ní ọ̀sán gangan, ó sì ti dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Ronú sí bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń dá ààlà ilẹ̀ mọ̀. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà oko. Pèrègún kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ìjà ilẹ̀ bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí kì í bẹ̀rù olówó, tí kì í sì í gbàgbé. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ń jà sí ilẹ̀ bá wá fa pèrègún tu ní òru, àwọn àgbà kò tún ní pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kámẹ́rà ni pèrègún ìgbà tiwa yìí. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, awakọ̀ lè ní ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni ó jẹ̀bi. Àwòrán yóò fi ibi tí táyà ọkọ̀ dé hàn. Agbaṣẹ́ṣe lè ní òun ti tún títì ṣe. Àwòrán yóò fi kòtò hàn. Òfin pàápàá mọ èyí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gba ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ní ilé-ẹjọ́, bí ẹni tí ó mú un wá bá tẹ̀lé ìlànà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sì gbà kí ọlọ́pàá ya fídíò afurasí nígbà tí ó bá ń jẹ́wọ́. Ìjọba tí ó fi kámẹ́rà ṣe ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀, kí ni yóò mú kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bínú nígbà tí ará ìlú bá fi í ṣe ẹlẹ́rìí?

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé àjèjì ni ohun tí à ń pè ní kámẹ́rà, pé ìran wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Má gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1978, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nípa àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá. Lára ohun tí ó rí ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó lè dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó pọ̀. Àwọn tí ó fi fọ́tò tu ọkàn ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú kì í ṣe ọ̀tá fọ́tò. Lọ sí ibi ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé, kí o sì wò ó. Ọ̀gá agbèrò tí ó fọ́ fóònù ọmọ ọlọ́mọ ní ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò máa fi eyín han kámẹ́rà lábẹ́ àtíbàbà. Nítorí náà, kì í ṣe kámẹ́rà ni ó kórìíra. Ẹlẹ́rìí ni ó kórìíra.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé, tí ó wá ń fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun. Ní ọdún kan, òjò ńlá rọ̀. Gọ́tà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà ìlú wọn kọjá kún fún pàǹtí, omi sì ya wọ ìsọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó lọ ya àwòrán gọ́tà náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ń gba owó ìmọ́tótó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà yí i ká, wọ́n gba kámẹ́rà rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ọ mọ́ ara ògiri. Èyí kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ó ròyìn rẹ̀ fún mi, nítorí ẹni tí ó gba owó ilẹ̀ kíkó tí kò sì kó ilẹ̀ kò lè fẹ́ràn àwòrán ààtàn. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn ìyá tí gààrí àti èlùbọ́ wọn ti bá omi lọ dúró tì wọ́n, wọ́n ń wí pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà án! Ó fẹ́ lọ fi wá gbowó ni." Ẹni tí ó fẹ́ gbèjà wọn ni wọ́n pè ní ọ̀tá. Gọ́tà náà sì wà bí ó ti wà.

Bí ìlú bá fara mọ́ fífọ́ kámẹ́rà, kò ní pẹ́ kí ọwọ́ ibi tó kan ẹni tí ó gbé e dání. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ìlú Èkó ń gbóná lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, Pelumi Onifade, ọmọ 20 ọdún tí ó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn fún Gboah TV, lọ sí Agége láti ya fídíò rògbòdìyàn tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn agbófinró mú un. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá a káàkiri kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀ ní ilé ìgbókùúsí ní Ìkòròdú. Ọmọ ogún ọdún! Bí o bá fi ọjọ́ orí rẹ wé tirẹ̀, ìwọ yóò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìkan ni à ń sọ.

Nísinsìnyí, wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ níbi tí a kò bá ti já fóònù gbà. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ní ìlú Minneapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọmọ 17 ọdún kan tí ń jẹ́ Darnella Frazier, akẹ́kọ̀ọ́ bí ìwọ, rí i tí ọlọ́pàá kan fi orúnkún tẹ ọrùn George Floyd mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá mìíràn dúró níwájú àwọn tí ń wòran, kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bá a jà, kò sì sá. Ó di fóònù rẹ̀ mú, ó ń ya fídíò. Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbé jáde sọ pé àìsàn kan ni ó kọlu ọkùnrin náà tí ó fi kú. Fídíò ọmọ yìí ni ó tú irọ́ náà fó, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ìpànìyàn. Òótọ́ ni pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ́ òtítọ́ lẹ́sẹ̀ kò fẹ́ kí ó bá a láéláé.

Àwọn tí ń gbèjà ìwà yìí máa ń mú àwáwí mẹ́ta wá. Èkínní ni ààbò ìlú. Lóòótọ́, Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 dẹ́bi fún ẹni tí ó bá ya àwòrán ibi tí ìjọba ń dáàbò bò, pẹ̀lú ète láti ba ààbò orílẹ̀-èdè jẹ́. Nítorí náà, bí o bá dé ẹnu ọ̀nà bárékè àwọn ọmọ ogun, gbé kámẹ́rà rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe bárékè, gáréèjì kì í ṣe bárékè, etí títì tí a ti ń dá ọkọ̀ dúró kì í sì í ṣe bárékè. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ ní abala 39 láti gba ìròyìn àti láti tàn án ká. Abala 37 dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ lórí fóònù. Abala 44 sì ní a kò gbọdọ̀ fi ipá gba dúkìá ẹnikẹ́ni àfi bí òfin bá ti là á sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ ṣẹ̀, adájọ́ ni yóò dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ìkúùkù.

Àwáwí kejì ni pé olúkúlùkù ni ó ni ojú ara rẹ̀. Mo gbà. Bí ìyá kan bá ní òun kò fẹ́ kí o ya òun, gbé kámẹ́rà rẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí àṣà ìlú bá ní ojú kan kò gbọdọ̀ rí ohun kan, kámẹ́rà jẹ́ ojú pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní ọdún 1930 tí ó sì kú ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní ọdún 1968, àwòrán náà sì tó ẹgbẹ̀rún kan. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí ni à ń wò, a kò rí ojú ẹni tí ó ni irun. Ọ̀wọ̀ kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a ya ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀: ẹni tí ó ń ra ata lọ́jà ń ṣe ohun tirẹ̀, ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ ní ojú títì, tí ó wọ aṣọ tí owó orí wa rà, iṣẹ́ wa ni ó ń ṣe. Kò lè ní kí a má wo iṣẹ́ wa.

Àwáwí kẹta ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi àwòrán ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ya ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí jẹ́ òtítọ́, ìtìjú ni ó sì jẹ́. Bí o bá débi tí jàm̀bá ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ méjèèjì ni ẹni tí ó ṣubú nílò. Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí àwọn tí ń fọ́ kámẹ́rà, kí o sì sọ fún mi bí ó bá jẹ́ nítorí ẹni tí ó fara pa ni wọ́n ṣe ń jà. Àwòrán aláìní tí a fi ṣẹ̀sín ti kọjá lójú wọn nígbà púpọ̀, wọ́n sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí àwòrán bá kan alágbára nìkan ni ìbínú wọn máa ń ru.

Nítorí náà, ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá ń ya àwòrán tí wọ́n sì dojú kọ ọ́, má ṣe bú wọn, má sì bá wọn jà. Ẹ̀mí tóbi ju kámẹ́rà lọ. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí o ń ṣe, kúrò níbẹ̀, kí o sì lọ fi ẹjọ́ sun àwọn òbí rẹ àti amòfin. Bí o bá jẹ́ ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ, má ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń pariwo, má sì dákẹ́ bí ẹni pé kò kàn ọ́. Pe àwọn àgbà tí ó wà nítòsí, kí ẹ jùmọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ohun ọmọ yìí padà fún un." Ohùn mẹ́wàá tí kò ní ariwo nínú ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀.

Bóyá ní ọjọ́ iwájú, ìwọ gan-an ni yóò wọ aṣọ ọlọ́pàá, tàbí tí yóò di olórí ọjà tàbí alága gáréèjì. Ní ọjọ́ tí ọmọdé kan bá gbé kámẹ́rà kọjú sí ọ, ọwọ́ rẹ yóò fẹ́ nà láti gbà á. Fà á sẹ́yìn. Bí o bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ bí ó ti tọ́, ẹlẹ́rìí rẹ ni ọmọ náà. Bí o kò bá ṣe é bí ó ti tọ́, iṣẹ́ rẹ ni kí o tún ṣe. Jẹ́ kí pèrègún wà ní ìdúró.