ÌWÉ TÍ A KÀ: Títíọlá àti Àgbákò

Ìwé ìtàn méjì la kà láti ìgbà tí a ti jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Èrò wa nípa wọn nìyí.

Èkíní ni The Icarus Girl, tó jáde ní 2005. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Helen Oyeyemi tó kọ ọ́, àmọ́ Lewisham, ìtòsí wa níbí, ló dàgbà sí. Ìdánwò A-level ló ń múra fún nígbà tó ń kọ ọ́. Jess, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ kí bàbá ìyá rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó pàdé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títíọlá. Kò lè pe orúkọ náà dáadáa, ló bá sọ ọ́ di TillyTilly. Mélòó nínú àwọn ọmọ Peckham ni tíṣà kò tíì ṣe orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́. TillyTilly ló wá sọ fún Jess pé ìbejì ni wọ́n bí i, pé èkejì rẹ̀ ti kú. Àwọn òbí rẹ̀ kò sọ fún un rí. Nílé wa láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń fi pamọ́. Lójú tiwa, ìdákẹ́ àwọn òbí Jess ló dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ ju iwin lọ. Ohun tí òbí bá fi pamọ́, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ fọ́mọ, kò sì ní sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìwé náà ń dẹ́rù bani o. Ẹ má fún ọmọ kékeré.

Èkejì ti pẹ́: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Ká má purọ́, ìwàásù inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún kò tíì darúgbó! Wole Soyinka túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Síbẹ̀, etí ni Fágúnwà kọ ọ́ fún. Ẹ kà á sókè fáwọn ọmọ, ojú ìwé kan lálẹ́. Ká ní wọ́n ti ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún Jess nílé ni, iwin ì bá má bá a lójijì.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi ìyá àti bàbá yín léèrè ìtàn orúkọ yín lálẹ́ òní. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ti mú kó rẹ̀ yín.

Ó dìgbà kan ná.