Ọ̀rọ̀ Lọ́rì Ṣọ́jà Tó Wà Lágbàlá Bàbá

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní àmàlà lórí iná, kó lọ rò ó tán ná.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́rì.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ra lọ́rì Bedford àtijọ́ kan. Ọkọ̀ ṣọ́jà ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n tà á ní gbàǹjo, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn onígẹdú, ó di agbégilódò, ó ru ìtì igi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá wọ́n pa á tì sẹ́yìn ilé ìlagi, koríko hù gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. Bàbá ló lọ fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ wá sí àgbàlá. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ tán, abẹ́ lọ́rì ni. Kò fẹ́ fi ṣòwò. Kò fẹ́ tà á. Ó kàn fẹ́ kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Fàájì Bàbá nìyẹn, bí ẹlòmíràn ṣe ń ta ayò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì wa. Àwọn kan wá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Dádì, ọkọ̀ tí ṣọ́jà fi jagun, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ da òróró sí i, tàbí kí ẹ ní kí Bàbá tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù." Ọmọkùnrin kan ka 2 Kọ́ríńtì 5 sí wa létí, pé ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni Màmá, ìyàwó Bàbá, wá fúnra wọn. Ti Màmá yàtọ̀. "Pásítọ̀, èmi ò bá lọ́rì jà. Owó tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ pé ká fi tún òrùlé ṣe ni bàbá yín fi ra gíábọ́ọ̀sì."

A fẹ́ dáhùn ní gbangba, torí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ́fíìsì, ó ti dé ọjà.

A ò ní lé ẹ̀mí kankan jáde lára lọ́rì. Ẹ lọ ka Aísáyà orí kejì. Idà ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó fi rọ ohun èlò oko. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀ tó ti kàn án. Lọ́rì yìí ti ṣe irú ìyípadà yẹn kí àwa tó dé. Láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ ṣọ́jà, igi ló ń rù. Ẹ gbójú sókè lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ wo pákó tó gbé òrùlé ìjọ wa dúró. Bódìjà la ti rà á, agbégilódò ló sì gbé e jáde nínú igbó. Bí kì í bá ṣe èyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ni. A ti ń jọ́sìn lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀jẹ̀ kankan ò kán lé wa lórí.

Ọmọ wa tó ka Kọ́ríńtì, a fẹ́ràn ìtara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó wà nínú Kristi ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo ohun tó bá ti gbó bá gbọ́dọ̀ lọ, àwa tí a ti lé ní 50 ọdún yìí ńkọ́? Jẹ́nẹ́sísì 26 wà níbẹ̀. Àwọn Filísínì ti fi erùpẹ̀ dí kànga tí Ábúráhámù gbẹ́. Ísáákì débẹ̀, ó tún wọn gbẹ́, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ wọ́n náà ló sì ń pè wọ́n. Ọlọ́rọ̀ ni Ísáákì o. Ó gbẹ́ tuntun pẹ̀lú nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tún ṣe.

Kí ni ọkọ̀ náà gan-an? Bedford RL ni. Ní ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lé ní 70,000 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, tiwájú tẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onígẹdú fi fẹ́ràn irú rẹ̀. Nínú igbó tí òjò ti sọ ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, lọ́rì tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì yóò rì dé ìdí. Ti ṣọ́jà á wọ́ ara rẹ̀ jáde. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ni wọ́n dá a mọ́, onísìlíńdà mẹ́fà, àwọn onígẹdú ló yọ ìyẹn kúrò tí wọ́n fi ti dísù sí i. Bàbá ń wá bí òun ṣe máa dá ti bẹntiróò padà. A bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ta bẹntiróò báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Pásítọ̀, mi ò fẹ́ gbé e lọ Èkó. Láti ìdí ọsàn dé ẹnu géètì ni."

A lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, a bọ́ kóòtù, a wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tí ẹ ń pè ní Pásítọ̀ yìí ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, bí họlidé bá ti dé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń wa agbégilódò la máa ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ wa ò ju ẹyọ kan lọ. Igi wúwo kan wà tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹnu àáké. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí kò lè gùn ún mọ́, a ó bẹ́ sílẹ̀, a ó sáré fi igi náà há ẹ̀yìn táyà, kó má bàa yí padà wálẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bá fi pẹ́ díẹ̀, òkú ló ń sùn. A rí i lójú wa lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún wa ni, a jọ jẹ gààrí láàárọ̀ ọjọ́ náà. A ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà, búréèkì la kọ́kọ́ bi Bàbá. Wọ́n tú dúróòmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn wá. Háà! Ti iwájú lọ́wọ́ òsì, awakọ̀ kan ti fi òòlù tẹ ẹnu páìpù òróró búréèkì rẹ̀ pa, kí òróró má bàa jò. Ìyẹn ni pé táyà mẹ́ta ló ń dá ọkọ̀ tó ru ìtì igi dúró, a ò mọ iye ọdún. Sípíríìnì kan ti ṣẹ́, wọ́n fi rọ́bà táyà dì í bí ẹni di ọgbẹ́. Bàbá ti pààrọ̀ páìpù. Ọ̀gbẹ́ni tọ́nà kan ní Gate ti bá wọn fá dúróòmù tó ti jẹra. Wọ́n sì ní ìwé akọ̀wé kan tí gíríìsì ti bò lára. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n tú u, ibi tó ti wá, ìhà tí nọ́ọ̀tì kọjú sí.

Ojú tì wá díẹ̀ nígbà tí a rí ìwé náà. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ ìjọ tí gbogbo yín dáwó rà. Ọdún kan ààbọ̀ ló lò. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ títí tó fi gan. A gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, a ò wo ọ́ìlì. Ẹ̀bi tiwa ni, a ò dì í ru ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lábẹ́ ọkọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Mókọ́lá kọjá, ẹ mọ báréèkì tó ń jẹ́ Letmauk. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń jẹ́ Letmauk. Ibì kan ni ní Bọ́mà, tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Japan jà ní 1945. Báréèkì Arakan ní Àpápá àti Myohaung ní Yábàá, Bọ́mà náà ni orúkọ wọn ti wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 81, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú rẹ̀, la ọ̀nà jíìpù bíi máìlì 75 gba orí òkè wọ àfonífojì Kaladan. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Ẹ rò ó wò: orí! Ní Yúróòpù, láti oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì sí Nọ̀fẹ́ńbà 1944, lọ́rì ló ń gbé bẹntiróò àti ọta ìbọn tẹ̀ lé àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó wà níwájú, Red Ball Express ni wọ́n ń pè é. Bíi mẹ́ta nínú awakọ̀ mẹ́rin jẹ́ adúláwọ̀.

Lọ́rì Bàbá kì í ṣe ti ogun Hitler o, ẹ má gbọ́ wa sódì. Ogun yẹn ti parí kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn òyìnbó ń tọ́jú tiwọn. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ológun ṣe sílẹ̀ láti 1968, Military Vehicle Trust ni wọ́n ń pè é lónìí. Bó bá di ìrántí ọjọ́ 6 oṣù Júùnù, wọ́n á wa àwọn lọ́rì náà sọdá lọ sí Normandy, bàbá àgbà níwájú, ọmọ-ọmọ lẹ́yìn. Tiwa wà ní Umuahia, ilé ìṣúra ogun tí wọ́n ṣí ní 1985, níbi tí ọkọ̀ onírin tí àwọn Biafra fọwọ́ ara wọn kàn wà. Ó dára. Ọmọ Alákìá mélòó ló máa dé Umuahia? Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ti dé àgbàlá Bàbá. Mọ́kànlá ni wọ́n. Bàbá jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan sítíárì. Ìbéèrè tí wọ́n bi wa nípa ogun Biafra lọ́jọ́ náà, àwọn òbí wọn ò bi wa rí.

Ṣùgbọ́n Màmá jàre. Gbogbo ohun tí a sọ sókè yìí ò tó òrùlé. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ fún òrùlé, òrùlé ló wà fún, bí gíábọ́ọ̀sì náà tilẹ̀ jẹ́ wúrà. A sọ ọ́ fún Bàbá lójú Màmá, a sì rí i pé ó dùn wọ́n. Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì kejì tí wọ́n ti rà pamọ́, wọ́n kan páànù kí òjò tó dé. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Màmá ni kọ́kọ́rọ́ lọ́rì wà. Bí Bàbá bá fẹ́ ra ohunkóhun fún un, inú owó ìfẹ̀yìntì wọn ni, lẹ́yìn oúnjẹ àti oògùn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí bọ́ọ̀lù orí fóònù ń kó yín lówó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiyín pamọ́ sẹ́yìn lọ́rì Bàbá.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnu wa kò tíì kò lé lórí. Bàbá fẹ́ kùn ún ní àwọ̀ ewé ti ṣọ́jà, torí àwọ̀ tó bá wáyé nìyẹn. A ní rárá. Òfin ilẹ̀ wa ò gba ará ìlú láyè láti máa wọ aṣọ ológun kiri, ní àkókò tí ajínigbé ń fi aṣọ ológun bojú yìí sì rèé, ta ni yóò dúró béèrè ìtàn Bàbá lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró? Ìwé gbàǹjo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kó sì jẹ́ àwọ̀ búlúù. Bàbá wò wá títí. "Pásítọ̀, bí wọ́n bá kùn yín ní búlúù, ṣé ẹ ó ṣì máa jẹ́ Pásítọ̀?" A ò tíì rí èsì. Ṣùgbọ́n búlúù náà la ṣì dúró lé.

Sátidé tó kọjá, Màmá mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó kọ ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kẹta ló hó. Èéfín dúdú bo igi ọsàn, àwọn ọmọdé ń pariwo, adìẹ sá wọ ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò kó tó kú. Kò kúrò lójú kan, kò sì ní kúrò títí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi ní búréèkì. Rọ́bà inú wheel cylinder tiwájú la ò tíì rí, ọ̀tún àti òsì. A ti wá Araromi ní Gate kan. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìlú Ọba, ẹ bá wa wò ó lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá rí i, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Bàbá ní àwọn á san owó rẹ̀, Màmá sì ti gbà.