Ta Ni Ó Lé Yorùbá Kúrò Nínú Pálọ̀ Wa?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹjọ́ ni mo gbé wá síwájú yín. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta bá ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ó má ṣe bínú. Kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2025, mo wà ní Kado, ní Abuja, lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀. Ọmọ 2 ni wọ́n bí. Àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 13, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 11. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti mú kí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo pa ní ọdún 2020, tí wọ́n sì sé àwọn ará Abuja mọ́lé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà, ni àwọn òbí yìí ti ń kọ́ ọmọ wọn fúnra wọn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣí, wọn kò dá wọn padà mọ́. N kò bá wọn jà nítorí èyí. Ẹni tí ó bá rántí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ní agbègbè Abuja wà ní títì pa fún ohun tí ó lé ní oṣù 3 ní ọdún 2025 kan náà, nígbà tí àwọn olùkọ́ ń jà fún owó oṣù tí òfin fọwọ́ sí, kò ní yára dá òbí tí ó ń wá ọ̀nà mìíràn lẹ́bi.

Àbúrò mi gbé ìwé kan jáde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa wo ètò ẹ̀kọ́ ọdún tuntun. Ẹ̀yin kúkú ni olùkọ́.” Ìwé náà wú mi lórí. Ó pín ọdún sí sáà 3, ó sì pín sáà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀sẹ̀. Ìṣirò ni wọn yóò máa fi bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yóò tẹ̀ lé e. Sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, dùùrù títẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún jíjáde: wọn yóò lọ sí ọjà ẹja Kado, wọn yóò wo bí a ti ń ra nǹkan tí a sì ń tà á. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Èdè Faransé ní wákàtí 3 lọ́sẹ̀. Yorùbá kò ní ìṣẹ́jú kan.

Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ó dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá ni à ń sọ nínú ilé yìí. Kí ni a tún fẹ́ kọ́ wọn nínú rẹ̀?”

Ìdáhùn yìí ni mo ń bá jà. Kì í ṣe ọkọ àbúrò mi nìkan ni ó ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń jẹun nídìí Yorùbá pàápàá.

Mo pe ọmọ àgbà. Ó bá mi sọ̀rọ̀ Yorùbá já gaara, kò kólòlò. Mo ní kí ó kọ lẹ́tà ìlà 5 sí ìyá rẹ̀ àgbà. Kò sí àmì ohùn kan lórí ohun tí ó kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ibi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹ kí ó wà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, bákan náà ni ó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: oko. Mo wá bi í pé kí ni à ń pe 45 ní Yorùbá. Ó ronú títí, ó ní, “Fọ́tì-fáìfù.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí 45 yìí. Márùndínláàádọ́ta ni, èyí ni pé àádọ́ta tí ó dín 5. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́ta tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà 3. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe 45 ní Yorùbá ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ṣe ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pa ẹnu dé: (20 × 3) − 10 − 5. Bẹ́ẹ̀ náà ni 700 rí. Ẹgbẹ̀rin ni igba lọ́nà 4; bí a bá yọ 100 nínú rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin: (200 × 4) − 100. Èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe, ìsọdipúpọ̀ ni tàbí ìyọkúrò? Ìbéèrè tí ń da ọmọ láàmú nìyẹn ní ọdún kìn-ín-ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu ìyá tí ń ta ata, ó sì ti wà níbẹ̀ kí bàbá bàbá wa tó dé ayé. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò tí ó wà lórí tábìlì ní Kado, Amẹ́ríkà ni a ti tẹ̀ ẹ́, sẹ́ǹtì àti dọ́là ni wọ́n sì ń kà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 kan náà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Abuja pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní àwọn agbègbè tí ó ti gba èdè abínibí mọ́ra jù ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Àwa olùkọ́ Yorùbá pariwo. Ariwo wa tọ́, nítorí pé a ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀wọ́ ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú; ọ̀wọ́ kejì yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò kẹ́yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi rèé: ta ni ó fagi lé Yorùbá nínú pálọ̀ ní Kado? Mínísítà kò wọ ibẹ̀. Kò sí alábẹ̀wò tí ó gbé pátákó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àti bàbá ni mínísítà níbẹ̀, àwọn ni alábẹ̀wò, àwọn ni olùkọ́. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé ìlànà-ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2025, tí ó fi ẹ̀kọ́ 12 sí 14 sílẹ̀ fún àwọn ọmọ JSS, ka èdè Nàìjíríà kan mọ́ wọn. Ìjọba tí à ń bú fi àga kan sílẹ̀ fún Yorùbá. Àwọn òbí tí wọ́n ní gbogbo òmìnira ni wọ́n gbé àga náà kúrò.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé Kado kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Òótọ́ ni, òun gan-an sì ni ìdí tí mo fi ń kígbe. Ọmọ tí ó wà ní Ìbàdàn, bí òbí rẹ̀ bá ṣe ọ̀lẹ, ìgboro yóò kọ́ ọ díẹ̀: rédíò yóò kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yóò kọ́ ọ, ara ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò ti ka òwe. Ní Kado, bí ọmọ bá ti jáde lẹ́nu géètì, Haúsá ni, Gẹ̀ẹ́sì ni, èdè pijin ni, àti èdè Gbagyi tí í ṣe ti àwọn onílẹ̀. (Bí wọ́n bá fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ èdè Gbagyi dípò ọ̀kan nínú wákàtí Faransé wọ̀nyí, èmi ni yóò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.) Inú ilé nìkan ni ó kù fún Yorùbá.

Ẹlòmíràn yóò fi òfin gún mi lójú. Òfin UBE ti ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, kí ó sì parí wọn. Ẹni tí a bá dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì lè san 2,000 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Kí àwọn amòfin túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ń kọ́ ọmọ nílé. Èmi mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ pálọ̀ òun kò rẹlẹ̀ sí ti ilé-ẹ̀kọ́ kò lè máa ṣa ohun tí ó wù ú jẹ nínú ìlànà-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Báwo ni kí ètò ọdún náà rí? N kò sọ pé kí wọ́n gbé Ògbójú Ọdẹ lé ọmọ ọdún 11 lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí ó má baà sá fún wa títí láé. Kí wọ́n fi ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ kọ́ àmì ohùn àti kíkọ sílẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ́ òǹkà pẹ̀lú rẹ̀. Láti sáà kejì, kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́ ìṣirò lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, àti sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ kan. Ọjà ẹja tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì tó ẹ̀kọ́ fún sáà kan gbáko. Kí ọmọ kọ àrọ̀ àti èpìyà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí ó ṣírò iye tí kílò kan yóò jẹ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní Yorùbá pé kí ló dé tí ẹja yíyan fi ń pẹ́ ju ẹja tútù lọ: omi ara rẹ̀ ti gbẹ, kòkòrò tí ojú kò rí, tí í máa mú nǹkan bàjẹ́, kò sì rí omi tí yóò fi gbé níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè ṣe àlàyé yìí ní Yorùbá, kí ó tún un ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kejì kò ní ṣòro fún un, nítorí pé ohun tí ó fẹ́ sọ ti yé e.

Nígbà tí mo ro gbogbo èyí fún wọn tán ní Kado, àbúrò mi ní, “Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé wo ni kí a rà?” Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí ti kan àwa náà. Ìwé Yorùbá fún JSS wà lọ́jà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni a kọ wọ́n fún, kì í ṣe ìyá tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó. Ìwé ìṣirò tàbí ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún ọmọ ọdún 12, mo wá a títí, n kò rí. Gbogbo wa ni a fẹ́ràn láti máa dárúkọ Modákẹ́kẹ́ nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n a máa ń gbàgbé pé àwọn ènìyàn Modákẹ́kẹ́ kò fi ẹnu lásán ṣe é. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé ìṣirò, wọ́n kọ ti sáyẹ́ǹsì, ní Yorùbá. Lọ́dọọdún ni à ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Olúkúlùkù wọn ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ jọ, a ń fún wọn ní máàkì, lẹ́yìn náà eku ń jẹ ẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí a ṣa èyí tí ó dára jù nínú wọn, láti JSS 1 dé JSS 3, kí a pè àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì mọ́ra, kí a sì tẹ ìwé kékeré kan tí ìyá àti bàbá lè ṣí lórí tábìlì, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò kọ́ ọmọ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi ti tún fóònù mi lórí ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Mo sọ fún un pé yóò dé kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. N kò tíì sọ fún un pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.