Ẹ Má Jẹ́ Kí Èènì Jẹrà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ ní ọjà Mile 12 ní Èkó, ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, tí ọkọ̀ BRT ń já àwọn tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ sílẹ̀, ohùn àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á yí padà. Iye tí wọn kò gbà fún ìdì ṣọkọ kan láàárọ̀, wọ́n á gbà á fún méjì. Wọ́n á ju efinrin lé e, wọ́n á ju ewédú lé e, wọ́n á ní, "Ẹ gba èènì yín, ìyá mi." Inú oníbàárà á dùn. Ṣùgbọ́n èènì ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀làwọ́ nìkan. Ìyá tó ń tajà mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ewé yẹn á ti rọ, kò sì níbi tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí.

Àwa tí a gba èènì ńkọ́, kí ni a ń fi ṣe? Lóṣù tó kọjá, mo fa ọ̀rá efinrin kan jáde nísàlẹ̀ firíìjì mi ní Kétu. Ó ti dúdú, ó ń yọ̀, omi rẹ̀ ti sun sínú ọ̀rá. Mo dà á nù, ó sì dùn mí wọra. Ẹnì kan gbìn ín, ẹnì kan já a, ẹlòmíràn rù ú dé ọjà, èmi ni mo wá sọ ọ́ di ohun ààtàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kò le. Kò sí òfin tó ní dandan kí ewé tútù jẹrà lọ́wọ́ wa. Ìkòkò omi gbígbóná, abọ́ omi tútù àti fíríìsà tó iṣẹ́ náà í ṣe, ewé á sì wà fún oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ewé tí a já kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ohun tó mú un dàgbà lóko ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ ọ́ di pípọ́n àti dúdú. Òtútù ń dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò lè dá a dúró tán. Ooru ló ń dá a dúró. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ bọ ẹ̀fọ́ kí a tó dì í.

Ẹ fọ ewé yín ní omi mẹ́ta, torí ẹrẹ̀ Mile 12 kì í tán nínú omi kan. Ẹ má gbójú lé fíríìsà fún ìyẹn: yìnyín kì í pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn, ńṣe ló ń fi í sùn. Bí omi bá ń hó yaya, ẹ da ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ tàbí úgú sí i fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ yọ ọ́ kíá sínú omi tó tutù nini, kó má baà jinná. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, pàápàá gbúre, tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ewúro, ẹ fọ ìkorò rẹ̀ kúrò ná. Ewédú, ẹ já a, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́; ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sè é ni ìjábẹ̀ àti káún yóò bá a.

Efinrin gba sùúrù, torí òórùn rẹ̀ ni a ń wá. Ẹ bọ̀ ọ́ sómi gbígbóná, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ kó o sínú abọ́ oníhò tí a fi ń ṣe yìnyín, ẹ bu omi tàbí òróró díẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi òróró sí i, inú fíríìsà ni kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e sórí tábìlì, torí kòkòrò kan wà tó ń dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó sì ń tu májèlé. Lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ ẹja bá ń hó, ẹ ju ẹyọ méjì sí i bó ṣe dì. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ má di ẹ̀fọ́ ní òkìtì. Ìwọ̀n tí yóò tó ìkòkò kan ni kí ẹ kó sínú ọ̀rá kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kó lè tètè dì. Láàárín ọdún 1912 sí 1915, ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, gbé ní Labrador, ó sì rí i bí ẹja àwọn ará Inuit ṣe ń dì kánkán nínú atẹ́gùn tútù, tí adùn rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ohun tó bá tètè dì, yìnyín inú rẹ̀ á kéré, kò ní fa ara rẹ̀ ya. Ẹ̀kọ́ yẹn ló sọ oúnjẹ dídì di òwò ńlá lágbàáyé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé iná dà? Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, sí naira 225 fún yúníìtì kan, àwọn mìíràn kò sì rí iná tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n fíríìsà tó kún bámúbámú, tí a kò ṣí, lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bí ọjọ́ méjì tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹ fi ike omi dí àyè tó ṣófo. Ẹ̀fọ́ tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí iná dé ṣeé dì padà.

Àwọn kan sì ń sọ pé ẹ̀fọ́ fíríìsà ti kú. Ẹ̀fọ́ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn ti pàdánù èròjà aṣaralóore ju èyí tí a dì ní tútù lọ. Ìtọ́jú oúnjẹ kì í sì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Àwọn ìyá wa ló sá ilá di ọ̀rúnlá, tí wọ́n sá iṣu di èlùbọ́. Ẹni tí kò ní fíríìsà lè sá ewúro lábẹ́ òjìji.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ewédú, mulukhiyah ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń rẹ́ ẹ, wọ́n ń dì í, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí òkèèrè. Ọmọ Yorùbá tí ewédú ń wù ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ti Íjíbítì ló ń rí rà. Tiwa ń rà nínú gọ́tà Mile 12.

Ọ̀nà wà. Láti Owerri, Nnaemeka Ikegwuonu dá ColdHubs sílẹ̀, ó ń kọ́ yàrá tútù tó ń lo iná oòrùn sínú ọjà, tí ọlọ́jà ń sanwó ojoojúmọ́ fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo rọ ìjọba ìbílẹ̀ Kóṣọ̀fẹ́, àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) Ìkòsí-Ìṣẹrí àti Àgbóyì-Kétu, àti àwọn àgbà ọjà: ẹ jẹ́ kí irú yàrá bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń pàtẹ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní owó tí apá rẹ̀ á ká. Nígbà náà, tó bá fún wa ní èènì, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni yóò jẹ́, kì í ṣe ìbẹ̀rù ilẹ̀ tó ń ṣú.

Àmọ́ ilé ìdáná wa kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba. Bí ẹ bá gba èènì lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ má ṣe tì í sísàlẹ̀ firíìjì bí mo ṣe ṣe. Ẹ gbé omi kaná kí ẹ tó bọ́ aṣọ ọjà.